Ìdánrawò Ìkọ́ni ní Ilẹ̀ Okun: Bí Tíṣà Ṣe ń Múra Sílẹ̀ Láti Ayé Míṣọ́nnárì

Ìdánrawò ìkọ́ni, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní TP, ni àkókò tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà máa ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ yóò sì máa wá wò ó. Ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwọn Owé tó ni Kábà, àwọn Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí ti gba ọ̀nà mẹ́ta kọjá: wíwo ọ̀gá, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Tú, àti oyè NCE.

Lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́kọ́ja ni ibùdó àwọn CMS wà ní ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1908, Tommy Titcombe ti ìjọ SIM dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Ilé-ìwé ń pọ̀, tíṣà kò tó. Ọmọ tó bá mọ̀wé dáadáa ni wọ́n máa ń fi kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ètò yìí ti wá. Ìjọba ibẹ̀ ti fọwọ́ sí i láti 1846. Ọmọ náà yóò kọ́ni lójúmọmọ, ọ̀gá yóò sì kọ́ òun náà nígbà tí kíláàsì bá tú.

Irú ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará ilẹ̀ Okun. Ẹ̀gbẹ́ òfì ìyá ni ọmọbìnrin Bùnú ti ń kọ́ aṣọ híhun, ojú rẹ̀ ló sì fi ń kọ́ ọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni tíṣà kékeré ṣe ń wo ọwọ́ ọ̀gá, ohùn rẹ̀ àti ìkọ̀wé rẹ̀ lára bọ́ọ̀dù. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ohun tí ọ̀gá kò mọ̀, ọmọ iṣẹ́ kò lè rí i kọ́. Àwọn ará ìta náà rí àbùkù nínú ẹ̀kọ́ ìgbà yẹn: Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes tó yẹ ẹ̀kọ́ wò ní Áfíríkà gbé ìròyìn jáde ní 1922, wọ́n sì rọ ìjọba àti ìjọ láti mú ẹ̀kọ́ bá ìgbésí ayé àwọn ènìyàn mu.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ló wá gba iṣẹ́ náà. Ní Kábà, St. Augustine's ti ìjọ Àgùdà wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́ tíṣà. Ní irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ lẹ́sìn nóòtù kó tó wọ kíláàsì: ọjọ́, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ète ẹ̀kọ́, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìbéèrè ìkádìí. Nígbà mìíràn, ẹnì kan yóò kọ́ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Bí àwọn ọmọ bá ti jáde, wọn yóò sọ ibi tó ti ṣe dáadáa àti ibi tó ti kùnà. Ojú máa ń ti ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kì í ṣeé gbàgbé. Nínú ìdánwò àṣekágbá Gíréèdì Tú nígbà náà, alábẹ̀wò láti ìta máa ń wá wo akẹ́kọ̀ọ́ níwájú àwọn ọmọ.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, kò kan Kábà, nítorí abẹ́ Àríwá ni ìjọba fi í sí. Ní 1967, Kábà bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1976. Àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé, ó sì di dandan kí a yára kọ́ tíṣà púpọ̀.

Láàárín àkókò yìí, oyè NCE ti dé. Ìgbìmọ̀ Ashby tó yẹ ẹ̀kọ́ gíga wò jábọ̀ ní 1960, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ àgbà tó ń fúnni ní oyè náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ìjọba àpapọ̀ dá ti Òkènè, tó súnmọ́ Kábà, sílẹ̀ ní 1974. Lẹ́yìn tí Ìpínlẹ̀ Kogí dé ní 1991, Kábà fúnra rẹ̀ wá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ìpínlẹ̀ tó kọ́ àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àjọ NCCE, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1989, ló ń ṣètò ohun tí irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde lọ fún TP, yóò kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Stanford ní Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní 1963.

Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní tó bá gba lẹ́tà TP yóò lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé, yóò gba ètò ẹ̀kọ́ sáà náà, yóò sì jókòó wo kíláàsì kí tirẹ̀ tó kàn. Yóò ṣètò ohun ìkọ́ni láti inú ohun tó wà nítòsí: èkùrọ́ fún ìṣírò, ewé fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó tún gbọ́dọ̀ ronú lórí èdè. Ẹ̀ka èdè Okun ni ọmọ ń sọ nílé, Yorùbá àjùmọ̀lò ló wà nínú ìwé. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá darí láti 1970 fi hàn pé ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò rẹ̀yìn. Tíṣà tó bá mọ bí ọmọ ṣe ń pe nǹkan nílé ló lè mú un dé ohun tó wà nínú ìwé.

Òfin tó dá àjọ TRCN tó ń ṣàkóso iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní 1993 sọ ọ́ di dandan kí tíṣà forúkọ sílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí nìkan kò tíì gba ipò ìdánrawò rí: láti ayé tíṣà kékeré títí di òní, iwájú àwọn ọmọ ni a ti ń mọ ẹni tó lè kọ́ni.