Grime's Graves

Grime's Graves jẹ́ ibùdó ìwakùsà ayé àtijọ́ tí ó wà nítòsí ìlú Thetford ní agbègbè Norfolk, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn Ìgbà Òkúta Tuntun ti wa akọ òkúta ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, kí wọ́n tó mọ irin lò ní ilẹ̀ náà. Bí a bá la òkúta líle yìí, etí rẹ̀ a mú bí abẹ. Òun ni wọ́n fi ń ṣe àáké àti ọ̀bẹ. Àwọn kòtò tí a ti mọ̀ níbẹ̀ lé ní 400.

Orúkọ

Àwọn Anglo-Saxon ni ó sọ ibẹ̀ lórúkọ. Grim jẹ́ orúkọ mìíràn fún Woden, òrìṣà wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní "graves" níhìn-ín ni kòtò, kì í ṣe ibojì. Lẹ́yìn èyí, àwọn òpìtàn kan rò pé àgọ́ ogun àwọn ará Dẹ́nmárkì ni. Àlùfáà William Greenwell, tí ó wú ọ̀kan nínú àwọn kòtò náà láàárín ọdún 1868 sí 1870, ni ó fi hàn pé ibi ìwakùsà ni.

Ọ̀nà ìwakùsà

Ìpele akọ òkúta mẹ́ta ni ó wà nínú òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ náà. Àwọn awakùsà a gbẹ́ ilẹ̀ kọjá ìpele méjì òkè, nítorí pé ti ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ó dúdú tí ó sì dán, ni ó dára jù. Àwọn kòtò kan jìn tó nǹkan bí mítà 12. Láti ìsàlẹ̀ kòtò, wọn a la ihò tóóró sí ẹ̀gbẹ́ káàkiri, wọn a sì máa rákò wọ inú rẹ̀. Ìwo àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ. Erùpẹ̀ kòtò tuntun ni wọ́n fi ń dí ti àtijọ́. Ìdí nìyí tí ojú ilẹ̀ náà fi rí gbágungbàgun títí di òní.

Nínú ihò kan tí òrùlé rẹ̀ ti wó, Greenwell rí ìwo méjì tí awakùsà fi sílẹ̀. Àmì ọwọ́ ẹni tí ó lò wọ́n ṣì wà lára ẹfun tí ó lẹ̀ mọ́ wọn.

Ìbẹ̀wò

Àjọ English Heritage ni ó ń bójú tó ibùdó náà. Àwọn àlejò lè gba orí àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí mítà 9 sínú Kòtò Kìn-ín-ní, tí a wú ní ọdún 1914. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti rí ẹnu àwọn ihò náà, tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà kò lè nàró nínú wọn. Òfin dáàbò bo ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, àlejò kò gbọdọ̀ ṣa òkúta lọ, torí pé àwókù tí àwọn agbẹ́kùúta dà sílẹ̀ pàápàá jẹ́ ẹ̀rí bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́.