Ilé Kan, Ayálégbé Mẹ́wàá

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá, ṣé ilẹ̀ yàrá mẹ́wàá péré ni yóò rà? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ilé ìdáná ńkọ́? Níbo ni onílé fúnra rẹ̀ yóò sùn? Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín kò jìnnà sí i.

Ní ìparí ọdún 1964, ní ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ IBM kan, tí Robert Creasy àti Les Comeau wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní CP-40. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà tóbi, ó sì wọ́n púpọ̀. A kò lè fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Wọ́n wá kọ ètò alábòójútó kan tí ó mú kí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo máa hùwà bí ẹni pé mẹ́rìnlá ni. Olúkúlùkù tí ó jókòó tì í a máa rò pé òun nìkan ni òun ni ín. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lò ó.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rìnlá yìí gbà pé òun ní kílóbáìtì 256 ti mẹ́mọ́rì, ìyẹn àyè tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. 256 lọ́nà 14 jẹ́ 3,584. Ẹ̀yin ọmọ, mélòó ni ẹ rò pé kọ̀ǹpútà náà ní ní tòótọ́? 256 péré ni! Alábòójútó tún ń gba àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n gé mẹ́mọ́rì sí ojú-ewé kéékèèké; èyí tí a kò lò lọ́wọ́, a ó gbé e lọ sí àká; bí a bá tún fẹ́ ẹ, a ó gbé e padà. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n bí gbogbo ayálégbé bá béèrè ẹrù wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kíkó-wọlé kíkó-jáde nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe, iṣẹ́ gan-an kò sì ní lọ. Peter Denning ṣàlàyé ohun tí ń fa àrùn yìí ní 1968.

IBM kéde VM/370 ní 1972. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà kéékèèké di ọ̀pọ̀ lọ́jà, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí fi sáfà kan ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. VMware, tí a dá sílẹ̀ ní California ní 1998, gbé ọgbọ́n àtijọ́ náà wá sórí kọ̀ǹpútà kéékèèké ní 1999, àti sórí sáfà ní 2001.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá dà nínú kọ̀ǹpútà? Alábòójútó ní láti ní ìwé tí ó ń kọ ibi tí ojú-ewé ayálégbé kọ̀ọ̀kan wà, àti àyè fún àwọn ẹrù tí ń wọlé tí ń jáde. Ìwé náà fẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ní àkọ́kọ́, ó ní láti ṣe ẹ̀dà ìwé tí ayálégbé fúnra rẹ̀ ń kọ, títí AMD ní 2007 àti Intel ní 2008 fi kọ́ irin kọ̀ǹpútà láti bá a ṣe iṣẹ́ náà. Ní 2002, Carl Waldspurger ti VMware ṣàlàyé ọgbọ́n kan tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: a ó fi ohun kan bíi rọ́bà tí ọmọdé ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí sínú yàrá ayálégbé, a ó sì fẹ́ ẹ títí ayálégbé yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù tí kò wúlò jáde.

Ọ̀ràn iná ni ó kàn. Ní 2007, Luiz Barroso àti Urs Hölzle ti Google kọ̀wé pé sáfà tí kò ṣe nǹkan kan ṣì ń jẹ nǹkan bí ìdajì iná tí yóò jẹ bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó. Ó dà bí ọkọ̀ tí ó dúró sójú kan tí ó ń jó epo. Ká sọ pé ẹ ní sáfà 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ wọ́ọ̀tì 300 ní góńgó, 150 bí ó bá jókòó lásán. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń ṣe ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, wọ́ọ̀tì 165 ni yóò jẹ. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,650. Ẹ kó gbogbo iṣẹ́ náà sórí sáfà méjì: ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe ìdajì agbára rẹ̀, yóò jẹ 225, àròpọ̀ rẹ̀ 450. Wọ́ọ̀tì 1,200 ti kúrò nílẹ̀, ìyẹn yúníìtì 28.8 lójúmọ́, láìka iná ẹ̀rọ tí ń tu yàrá lára.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sáré lọ rajà. Ẹ sùúrù. Bí ayálégbé 10 bá fẹ́ gígábáìtì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan, 40 nìyẹn. Ẹ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún un: ká fi mẹ́gábáìtì 150 sí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di gígábáìtì 1.5, kí alábòójútó gba 2. Ó di 43.5. Ṣé kí á wá pín in sí méjì, kí sáfà kọ̀ọ̀kan ní 24? Bí ọ̀kan bá kú lóru ńkọ́? Gbogbo ayálégbé ni yóò sá lọ sọ́dọ̀ èkejì, kò sì ní gbà wọ́n. Nítorí náà, sáfà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè gba 43.5 fúnra rẹ̀. Ẹ ra 48 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́mọ́rì tí ẹ fi kún un yìí yóò jẹ iná tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ yọ wọ́ọ̀tì díẹ̀ kúrò nínú 1,200 ọjọ́sí.