Ilé kì í mira: àwọn àwòrán aláwọ̀ tí a yà ní Dàhọ̀mì ní ọdún 1930

Ní ọdún 1930, Frédéric Gadmer, ayàwòrán ará Faransé, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Dàhọ̀mì. Fadá Francis Aupiais ni ó ṣamọ̀nà rẹ̀, àlùfáà tí ó ti gbé Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì ti dá ìwé ìròyìn La Reconnaissance africaine sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1925. Albert Kahn ni ó náwó sí ìrìn àjò náà. Olówó báńkì ni ní Paríìsì, láti ọdún 1909 ni ó sì ti ń rán ayàwòrán káàkiri ayé, kí a lè rí ìrísí àwọn ìlú kí ó tó yí padà. Àwòrán aláwọ̀ tí wọ́n kó lọ láti ọ̀dọ̀ wa lé ní 1,000, láìka ti sinimá.

Inú dígí ni àwọn àwòrán aláwọ̀ wọ̀nyí wà. Àwọn ará ilé Lumière, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ni wọ́n ṣe irú dígí náà, tí wọ́n sì gbé e sọ́jà ní ọdún 1907. Wọ́n a pa sítáàṣì ànàmọ́ òyìnbó láró, òmíràn bí ọsàn, òmíràn bí ewé, òmíràn bí àwọ̀ elésè àlùkò, wọn a sì fọ́n hóró rẹ̀ tín-ín-tìn-ìn sára dígí, kí wọ́n tó fi èròjà tí ń gba ìmọ́lẹ̀ bò ó. Ẹyọ kan ṣoṣo ni àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bí dígí bá fọ́, ó parí nìyẹn.

Hóró aláwọ̀ wọ̀nyí a máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, nínú oòrùn gan-an, ojú ẹ̀rọ ní láti ṣí sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; lábẹ́ òjìji, yóò pẹ́ sí i. Ayàwòrán a gbé ẹ̀rọ lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, a ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, a sì máa wo ilé lórí dígí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, pẹ̀lú òrùlé nísàlẹ̀ àti ilẹ̀ lókè. Ẹni tí ó bá kọjá lásìkò náà yóò di èéfín. Ewúrẹ́ yóò di èéfín. Ilé kì í mira ní tirẹ̀, ìdí nìyí tí ògiri fi rí ojú rere ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju ọmọ tí ń sáré lọ.

Ohun mìíràn tún wà. Bí a bá gbé fóònù sókè kí a lè ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tán, ògiri rẹ̀ a máa fẹ̀yìn bí ẹni pé yóò ṣubú. Ẹ̀rọ ńlá olóríṣi àpò kíká, tí ó rí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kò ní ìyọnu yẹn: a ó gbé dígí iwájú rẹ̀ sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dúró ṣánṣán, ògiri yóò sì dúró bí mọlémọlé ti gbé e kalẹ̀. Fún ilé àwọn Àgùdà, àwọn tí wọ́n ti Bàhíà padà wá sí Àjàṣẹ́, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Fèrèsé tí ó tò ní ìlà, ọ̀wọ̀n tí ó bá ara wọn mu, ọnà òkè ẹnu ọ̀nà: ìwọ̀n ni gbogbo ẹwà wọn.

Amọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn nínú. Níbi tí páànù bá ti ya, òjò a wọlé, ìrẹ́ ara ògiri a bọ́, amọ̀ a padà di yẹ̀pẹ̀. Àwọn ajogún a máa jiyàn lórí ẹni tí yóò tún un ṣe, títí ẹnìkan yóò fi kó búlọ́ọ̀kù dé. Mi ò dá wọn lẹ́bi pátápátá. Àtúnṣe ilé bàbá ńlá ẹni gbówó lórí.

Owó Kahn náà tán. Ìparun ọjà owó ọdún 1929 gbé ọrọ̀ rẹ̀ lọ, iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1931, òun fúnra rẹ̀ sì kú ní ọdún 1940. Fadá Aupiais, tí a yàn sí ilé aṣòfin Faransé ní ọdún 1945, kú kí ọdún náà tó parí. Àwọn dígí kò fọ́. Wọ́n wà ní ilé àkójọ tí ń jẹ́ orúkọ Kahn ní Boulogne, lẹ́bàá Paríìsì, a sì lè wo púpọ̀ nínú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo dúpẹ́ pé wọ́n yà wọ́n. Síbẹ̀, abẹ́ ìjọba amúnisìn ni a ti yà wọ́n, owó òkèèrè ni a fi yà wọ́n, òkèèrè ni wọ́n sì wà. Dígí mọ àwọ̀ ògiri. Kò mọ orúkọ mọlémọlé. Àwọn ìyá wa àgbà ni wọ́n mọ ẹni tí ó po amọ̀, ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn, àti ìyàwó tí a torí rẹ̀ kọ́ yàrá kejì. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ, ìbáà ṣe fóònù lásán, kí ó ya ilé àdúgbò rẹ̀ láti iwájú, lówùúrọ̀, kí ó sì gbé àwòrán náà lọ bá àgbàlagbà tí ó mọ ilé náà. Kí ó kọ àwọn orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó tó dìde níbẹ̀.