Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Wi-Fi

Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò wọ inú ilé l'Ékòó, kò sì pẹ́ tí Ìbàdàn náà fi rí tirẹ̀ gbà. Èmi tí mo fi ìmọ̀ èdè jẹun máa ń gbádùn orúkọ tí àwọn àgbà wa fún rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, odindi gbólóhùn ló wà nínú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gba èsì.

Ẹ fi ọkàn sí "èsì" yẹn, torí òun ló máa yanjú ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan. Ìbàdàn ló wà, àwọn ọmọ wa tó wà ní London ló ń kọ́ ní Yorùbá lórí fídíò, láti yàrá rẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ wọn kedere, àwọn ni kì í gbọ́ òun. Bí ohùn bá já láàárín sílébù, ọmọdé ò ní mọ̀ bóyá ọkọ́ ni olùkọ́ pè tàbí ọkọ̀. Òǹtajà kan ti ní kó lọ ra ráútà ńlá. Mo ní kó ṣe sùúrù ná.

Wi-Fi kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Gbogbo ìdì ọ̀rọ̀ kékeré tí ẹ̀rọ kan bá fi ránṣẹ́, èkejì gbọ́dọ̀ dáhùn pé ó ti dé ọwọ́ òun. Irú àṣà yìí ti wà láti 1971, nígbà tí Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii fi rédíò so kọ̀ǹpútà pọ̀ láti erékùṣù sí erékùṣù. Bí ẹ̀rọ méjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ méjèèjì bàjẹ́. Èyí tí kò bá rí èsì á dúró díẹ̀, á tún un wí. Ìdí nìyẹn tí Wi-Fi tí ara rẹ̀ ò yá kì í fi í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Àtúnwí ló ń tán an lókun.

Ẹ tún wo ilẹ̀ tí wọ́n fún un. Ní 1985, àjọ FCC ní Amẹ́ríkà gbà kí ẹnikẹ́ni lo àwọn abala ìgbì rédíò kan láìgba ìwé àṣẹ. Kí ni wọ́n fún wọn? Ààtàn ni! Ọ̀kan nínú wọn ni 2.4 GHz, níbi tí ààrò microwave ti ń pariwo tẹ́lẹ̀. Wọ́n sì ní agbára ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ ju wáàtì 1 lọ. (Orúkọ Wi-Fi fúnra rẹ̀ dé ní 1999. Kò ní ìtumọ̀ kankan. Ilé iṣẹ́ Interbrand ló ṣẹ̀dá rẹ̀ kó lè dún bíi hi-fi. Ẹ má gba ẹni tó bá ní "wireless fidelity" ni gbọ́.)

Ògiri náà ní tirẹ̀. Ìgbì máa ń ta padà lára ògiri bíi gbohùngbohùn nínú gbọ̀ngàn òfìfo. John O'Sullivan, onímọ̀ ìràwọ̀ ní Ọsirélíà, àti ikọ̀ rẹ̀ ní CSIRO, ló wá ọgbọ́n sí i. Ìwé ẹ̀tọ́ wọn ní Amẹ́ríkà jáde ní 1996. Gbohùngbohùn ni wọ́n ṣẹ́gun o. Búlọ́ọ̀kù, irin àti omi ò tíì gbà.

Ó dáa, akẹ́kọ̀ọ́ mi. Igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí o ń rí lójú fóònù, ohùn ráútà ló ń wọ̀n, kì í ṣe ohùn tìrẹ. Bátìrì ni fóònù ń jẹ, ohùn rẹ̀ kéré. Bí o bá ra ráútà tó kàn ń pariwo jù, ìwọ lo máa túbọ̀ gbọ́ ọ, àwọn ọmọ London ò ní tìtorí ẹ̀ gbọ́ ẹ.

Nítorí náà, yọ ráútà náà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, gbé e sókè, sáàárín ilé, kó jìnnà sí tánkì omi, fíríìjì àti dígí ńlá. Nínú yàrá tó jìnnà, 2.4 GHz ni kó o lò. 5 GHz yára lóòótọ́, àmọ́ ògiri tètè ń borí rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá tó, fa wáyà láti ìdí ráútà gba òkè àjà dé yàrá rẹ, kó o fi ráútà kékeré kejì sí ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, wáyà, bíi ti 1935.