Ẹfúnṣetán Mélòó La Mọ̀?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì láti kọ́ nípa lítíréṣọ̀ àti fíìmù, ó dáa kó fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ṣoṣo ni, àmọ́ ọ̀nà mẹ́ta la gbà mọ̀ ọ́n: nínú ìtàn, nínú ìwé eré, àti nínú fíìmù.

Ẹ jẹ́ ká mú ìtàn ṣáájú. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, oníṣòwò ńlá ni, òun sì ni Ìyálóde Ìbàdàn. Samuel Johnson kọ ọ́ pé ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà fi kàn án: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Ní 1874, wọ́n yọ ọ́ lóyè. Nígbà tó yá, wọ́n ní káwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé eré tirẹ̀ jáde ní 1970. Níbẹ̀, Ìyálóde ní ẹrú òun kankan ò gbọdọ̀ lóyún. Adétutù lóyún, ó sì pa á. Látòósà ló wá kápá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé májèlé jẹ. Bankole Bello sọ eré náà di fíìmù. Láti ìgbà náà, bá a bá ti ní "Ẹfúnṣetán", ìkà ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn.

Ìṣọ̀lá ò purọ́ o. Òǹkọ̀wé eré ló jẹ́, kì í ṣe òpìtàn, Ẹfúnṣetán sì ní ẹrú rẹpẹtẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni eré yìí sọ di olùgbàlà? Látòósà ni!

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kan àwa ará Ìrèsì. Látòósà yìí kan náà ló kó ogun Ìbàdàn wá bá Èkìtì Parapọ̀ nínú ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìgbájọ, tá a jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, ò jìnnà sójú ogun náà. Ìlá wà lára àwọn tó bá Ìbàdàn jà. Bùdó ogun ni Látòósà kú sí ní 1885. Ní agbègbè wa, ta ló máa pè é ní olùgbàlà?

Torí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa gbádùn fíìmù yín. Ṣùgbọ́n bó bá ti parí, ẹ bi ara yín: ẹnu ta la ti gbọ́ ọ? Kí ni wọ́n yọ kúrò? Ta ni yíyọ náà sì ṣe láǹfààní?