Lekki Conservation Centre

Lekki Conservation Centre jẹ́ igbó àdáàbòbò ní ìpínlẹ̀ Èkó, lójú títì márosẹ̀ tó lọ láti Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Àjọ Nigerian Conservation Foundation (NCF) ló ń bójú tó o. Ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti dáàbò bo ẹranko àti ewéko etíkun, kí àwọn ọmọ ilé ìwé sì rí ibi tí wọ́n á ti fi ojú ara wọn rí ohun tí olùkọ́ ń sọ ní kíláàsì. Ó ti di ọ̀kan lára ibi tí àwọn ìdílé ní Èkó máa ń kó ọmọ lọ lọ́jọ́ ìsinmi. Púpọ̀ nínú ẹranko ibẹ̀ kò sí nínú àgò; wọ́n ń rìn fàlàlà ni, ẹni tó bá fẹ́ rí wọn ni yóò wá wọn lọ, pẹ̀lú sùúrù.

Ìtàn

Olóògbé Olóyè Shafi Lawal Edu, oníṣòwò pàtàkì ọmọ Ẹ̀pẹ́, ló dá NCF sílẹ̀ ní 1980. Nígbà tó di 1990, ilé iṣẹ́ epo Chevron kọ́ ọgbà yìí fún àjọ náà. Àbàtà àti igbó ṣì pọ̀ nígbà náà lórí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ọ̀sà Èkó àti òkun, ṣùgbọ́n ó ti hàn pé ìlú ń bọ̀. Ìlú sì dé lóòótọ́. Wọ́n da yanrìn sí àbàtà, ẹ́sítéètì ń tẹ̀lé ẹ́sítéètì, títí ilé fi yí ọgbà náà ká. Ohun tó sọ ọ́ di iyebíye nìyí: ó wà lára ìwọ̀nba ibi tí ọmọ Èkó ti lè rí bí ilẹ̀ náà ṣe rí kí ilé tó bò ó, àbàtà rẹ̀ sì ṣì ń fa omi òjò mu.

Ilẹ̀ àti ewéko

Apá tó pọ̀ jù ni igbó àbàtà. Ojú ọ̀nà tí wọ́n gbé ga kúrò nínú omi ló gba àárín rẹ̀ kọjá, tí ọ̀pẹ, ògùrọ̀ àti ìtàkùn wà lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀ ọ̀dàn tó kún fún koríko náà wà nínú ọgbà yìí.

Ẹranko

Ọ̀bọ mona ni àlejò sábà máa ń kọ́kọ́ rí. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun, àmì funfun méjì sì wà níbi ìdí ìrù rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àmì yìí ni kí a fi han ọmọdé, nítorí òun ni a fi ń dá a mọ̀ nígbà tó bá kọ ẹ̀yìn síni lórí ẹ̀ka. Agboagbo ni wọ́n ń rìn, ọ̀sán ni wọ́n sì ń jẹ̀. Èso, ewé àti kòkòrò ni oúnjẹ wọn. Bí ọ̀kan bá rí èso tó pọ́n, kì í dúró jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Á kì í sínú àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi wú, á wá gun orí igi mìíràn, á jókòó, á máa fi ọwọ́ ti oúnjẹ náà jáde díẹ̀díẹ̀.

Láti Gánà dé Kamẹrúùnù ni irú ọ̀bọ yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún wà ní erékùṣù Grenada ní òkè òkun. Ohun tí wọ́n gbà ni pé ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú ló gbé e débẹ̀.

Ewu tó wà nínú ọgbà Lekki ni oúnjẹ tí àlejò ń fún àwọn ọ̀bọ yìí. Ọ̀bọ tó bá ti mọ adùn bisikíìtì kì í bẹ̀rù ènìyàn mọ́. Ó lè já a gbà lọ́wọ́ ọmọdé, ó sì lè gé e jẹ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fún wọn ní ohunkóhun, bó ti wù kí wọ́n máa wo ni lójú tó.

Ọ̀nì, awọ́nríwọ́n, àgbọ̀nrín, ẹtu, òkété, ọ̀kẹ́rẹ́, ìjàpá àti ẹyẹ oríṣiríṣi náà wà níbẹ̀. Òru ni òkété ń jáde, ojora sì máa ń mú ẹtu, nítorí náà ó ṣòro kí àlejò ọ̀sán rí wọn.

Afárá orí igi

Láti 2015 ni afárá tí wọ́n so kọ́ sókè láàárín igi ti wà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401; ibi tó ga jù níbẹ̀ tó mítà 22.5 sí ilẹ̀. Ó tóóró, okùn ni wọ́n fi ṣe àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì máa ń mì bí ènìyàn bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e.

Wọ́n sábà máa ń pè é ní èyí tó gùn jù ní Áfíríkà. Bí a bá fi wé ti Kakum ní Gánà, tó ti wà láti 1995, tí wọ́n sì ń sọ pé gígùn rẹ̀ tó mítà 350, ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ ti Kakum ga jù ú lọ, kì í sì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo ènìyàn ń gbà wọn irú afárá báyìí. Ó bọ́gbọ́n mu láti sọ pé ti Lekki wà lára àwọn tó gùn jù lọ.

Ìbẹ̀wò ìdílé

Pápá koríko wà fún ìgbafẹ́, pẹ̀lú ayò ṣẹ́ẹ̀sì tí ọmọ ayò rẹ̀ tóbi gan-an, adágún ẹja, àti ilé orí igi tó ga tó mítà 21, tí a ń fi àkàsọ̀ gùn. Àárọ̀ ló dára jù láti dé, kí oòrùn tó mú, nígbà tí ẹranko ṣì ń jẹ̀. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú dára ju sálúbàtà lọ. Kí òbí béèrè lẹ́nu ọ̀nà bóyá ọmọ rẹ̀ ti tó ẹni tó lè gun afárá. Àwọn ìdílé tó ń sáré lọ ya fọ́tò lórí afárá sábà máa ń ṣe ariwo lé ẹranko sá. Èyí tó bá rọra rìn, tó ń dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́ ìró ewé, ni ọmọ rẹ̀ máa rí ọ̀bọ dáadáa.