Kì í Ṣe Fáàfù Ló Bí Adùn Jìtá Jùjú

Ìtàn kan ti gbilẹ̀ láàrin àwọn olórin àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣòwò ní Kòsọ́fẹ́ l'Ékòó, láti Kétu dé Ìkòsì, títí wọ Alápẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní fáàfù, àwọn gílóòbù kéékèèké tó máa ń pọ́n yòò nínú ampilifáyà, ló mú kí jìtá jùjú ayé àtijọ́ dùn. Wọ́n ní ọjọ́ tí tìráńsísítọ̀ dé láti gbapò fáàfù ni adùn kúrò lára okùn, tí ohùn jìtá wá gbẹ táútáú. Ẹ kò ní í pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni ní sípíkà fún òde àríyá kí ẹ tó gbọ́ ọ, pàápàá tí àgbà oníjìtá méjì bá wà níjòókòó. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ti gbà á gbọ́. Ẹni tí kò lówó fáàfù nínú wọn a máa wá sọfutiwíà tó ń sín fáàfù jẹ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ìtàn tó rọrùn láti gbé kiri ni. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ranlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò tilẹ̀ sí fáàfù rárá. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, baba bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Lákòókò yẹn, ẹnu ìwo ńlá kan ni olórin máa ń kọrin sí. Agbára ohùn rẹ̀ nìkan ló ń ti abẹ́rẹ́ tó ń gbẹ́ orin sára ìda. Ọdún 1925 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńláńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo maikirofóònù àti fáàfù. Nígbà tí Túndé King wá kọ orin jùjú rẹ̀ sínú àwo Parlophone ní 1936, ohùn rẹ̀ gba inú fáàfù kọjá kó tó dé orí àwo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lóde tó ti ń ṣeré l'Ékòó, kò sí ampilifáyà kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Jìtá-bánjò, ìlù jùjú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ohùn ènìyàn ni. Àwọn tó ń pè é sóde kò dúró de fáàfù kí orin tó dùn mọ́ wọn.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń ta jìtá náà ti pẹ́ ju iná lọ. Àwọn atukọ̀ Kírù láti Làìbéríà ló gbé ọ̀nà títa á pẹ̀lú àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá kiri etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó fi dé Èkó. Àtàǹpàkò di ìsàlẹ̀ mú, ìka kejì ń fèsì lókè. Orí ìyẹn ni púpọ̀ nínú jìtá wa dúró lé, ó sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó so wáyà mọ́ jìtá.

Ìparí àwọn ọdún 1940 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìgbà ogun Hitler ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ṣeé gbé kiri dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ogun parí, àwọn olórin Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ní 1948, Àkànbí Wright mú gángan wọ inú ẹgbẹ́ jùjú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyẹn 1949, Àyìndé Bàkàrè dán maikirofóònù alẹ̀mọ́ra wò. Ìdí ọ̀rọ̀ Bàkàrè yìí ló yẹ kí àwọn olùpìtàn fáàfù jókòó sí. Ukulélé-bánjò ni ọkùnrin náà ń ta tẹ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi awọ bò lójú. Maikirofóònù alẹ̀mọ́ra kì í gbọ́ ohùn láti inú afẹ́fẹ́. Gbígbọ̀n ara ohun tí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló ń gbọ́. Bàkàrè kò rí ibi tí yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ lára bánjò. Ló bá gbé bánjò tì, ó mú jìtá onípákó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Kò sí ẹni tó gbọ́ ohùn fáàfù, tó dùn mọ́ ọn, tó wá yàn án. Ohun èlò tí olórin ń ta gan-an ló yí padà nítorí ibi tí wọn yóò so ẹ̀rọ mọ́. Ìdí tó fi nílò ẹ̀rọ náà kò sì fara sin: gángan ti wọlé, gángan kan ṣoṣo sì tó láti bo bánjò mọ́lẹ̀. Tí jìtá àti ohùn olórin kò bá ròkè, ìlù yóò gbé wọn mì. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló fún ìlù láyè láti pọ̀ sí i láì pa olórin lẹ́nu mọ́. Ẹgbẹ́ tó máa ń jẹ́ ènìyàn mẹ́rin láàrin àwọn ọdún 1930 ti ń di ẹlẹ́ni mẹ́jọ láàrin àwọn ọdún 1950. Kí wọ́n lè gbọ́ wọn ni wọ́n ń wá. Adùn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan máa ń gbé ọlá jìtá oníná yìí fún I.K. Dáíró, àwọn mìíràn fún Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé. Ṣùgbọ́n 1957 ni Dáíró dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, 1964 sì ni Obey dá International Brothers tirẹ̀ sílẹ̀. Ọlá tiwọn pọ̀ níbòmíràn, kódà Dáíró ló gbé kọ̀díọ́ọ̀nù níyì nínú jùjú. Ní ti wáyà, ó ti wà lára jìtá kí wọ́n tó dé.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ fáàfù ni wọ́n lò? Kò sí òmíràn ni. Oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni Bardeen, Brattain àti Shockley ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tìráńsísítọ̀ àkọ́kọ́. Ní 1949, kò tíì sí ampilifáyà onítìráńsísítọ̀ kankan ní ọjà tí olórin lè rà. Rédíò aṣọ̀rọ̀mágbèsì tí wọ́n fi wáyà fà wọlé àwọn ará Èkó láti 1935, fáàfù ló ń gbé ohùn rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé sinimá, fáàfù. Ẹ̀rọ tí olóṣèlú fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ ní gbàgede, fáàfù. Ẹ̀rọ ọ̀rọ̀ sísọ ni olórin yá lò, kì í ṣe ẹ̀rọ orin. (Ọjọ́ta tiwa náà mọ irú àjọlò yẹn: ní Oṣù Kínní ọdún 2012, nígbà tí èrò kún ibẹ̀ láti tako yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo, inú sípíkà kan náà ni ọ̀rọ̀ àti orin ti ń jáde, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni bèèrè ohun tó wà nínú ampilifáyà.)

Ìyàtọ̀ wà nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì, n kò sẹ́ ẹ. Wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú gíláàsì fáàfù jáde. Apá kan nínú rẹ̀ ń gbóná, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń fò láti ibẹ̀ lọ bá irin tó dojú kọ ọ́, àwọ̀n kékeré kan láàrin wọn ló ń pinnu iye tó ń kọjá. Ìró kékeré tó bá dé ara àwọ̀n náà yóò di ńlá ní òdìkejì. Tìráńsísítọ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú èérún jámáníọ̀mù tàbí sílíkọ́ọ̀nù, láìsí gíláàsì, láì dúró kó gbóná. Tí ìró bá mọ níwọ̀n, tí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ sì mọṣẹ́, àwọn méjèèjì yóò gbé e jáde bó ṣe wọlé. Ìgbà tí ìró bá pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ lọ ni wọ́n ń yapa. Ẹ rántí kóńgò gàrí nínú ọjà. Fáàfù ń ṣe bí ẹni tó bu gàrí títí orí rẹ̀ fi rí gègèrè, tí èyí tó pọ̀jù wá ń ṣàn sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́; tìráńsísítọ̀ ń ṣe bí ẹni tó fi igi rẹ́ orí kóńgò náà kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí ń mọ èyí tó tẹ́ yẹn, ó máa ń há létí.

Ta wá ló ń fi jìtá jùjú kún kóńgò dé orí? Jìtá jùjú mọ́. Ó tín-ín-rín. Jìtá mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń dá ara wọn lóhùn, olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀ láàrin ìlù. Tí ọ̀kan bá fọ́ ohùn, ó ti gba àyè àwọn yòókù. Ibi tí fáàfù ti ń fi ara rẹ̀ hàn gan-an ni oníjìtá jùjú ń sá fún. Báwo ni ohun tí wọn kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ ṣe wá jẹ́ orísun adùn wọn?

Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni ti jìtá tó ń fọ́ ohùn, èyí tí gbogbo ayé ka sí iṣẹ́ fáàfù pọ́ńbélé. Nínú "Rocket 88" tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Memphis ní 1951, sípíkà ampilifáyà oníjìtá Willie Kizart ló bàjẹ́ kí wọ́n tó dé sitúdíò. Sam Phillips tó ni sitúdíò náà ki bébà sínú rẹ̀, ó sì gba orin náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oníjìtá mìíràn, Link Wray, mọ̀ọ́mọ̀ dá sípíkà rẹ̀ lu nígbà tó fẹ́ gba "Rumble" tó jáde ní 1958. Ní Nashville, Grady Martin ń ta báàsì nínú orin Marty Robbins kan tó jáde ní 1961 nígbà tí apá kan nínú míkísà sitúdíò kọṣẹ́, tí ìró rẹ̀ wá ń kùn hùn-ùn. Glenn Snoddy tó wà nídìí ẹ̀rọ kò ju àṣìṣe náà nù. Ó wá ọ̀nà tí wọ́n á fi máa ṣe é lákọ̀ọ́tun, tìráńsísítọ̀ ló sì fi ṣe é. Àpótí yẹn ni Maestro Fuzz-Tone tó dé ọjà ní 1962. Òun ni Keith Richards fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú "Satisfaction" ní 1965. Jimi Hendrix tí wọ́n ń fi búra fún fáàfù, àpótí Fuzz Face tó máa ń gbé síwájú ampilifáyà Marshall rẹ̀, tìráńsísítọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ohùn tí àwọn ènìyàn ń pè ní ti fáàfù ti jáde láti inú sípíkà tó ya, míkísà tó bàjẹ́ àti tìráńsísítọ̀ olówó pọ́ọ́kú.

Ibi kan wà tí àwọn olùpìtàn náà ti jàre. Àwọn ampilifáyà jìtá onítìráńsísítọ̀ àkọ́kọ́ kò dára. Èyí tí Fender gbé jáde ní 1966 kò rọ́wọ́ mú, wọ́n sì pa á tì. Orúkọ burúkú tí tìráńsísítọ̀ gbà nígbà yẹn ló ń jẹ títí dòní. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta irú jìtá tí Berkley Jones ta nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì BLO, tí àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973, ó yẹ kó ka bí ẹ̀rọ ṣe ń fọ́ ohùn sí, nítorí fífọ́ náà wà lára orin. Ọdún 1973 yẹn kan náà ni Russell Hamm kọ àpilẹ̀kọ tí àwọn olólùfẹ́ fáàfù máa ń tọ́ka sí, èyí tó ní ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ṣeé gbọ́. Wọn kì í sábà fi kún un pé ìgbà tí ìró bá ti borí ẹ̀rọ ni Hamm ń sọ. Ṣùgbọ́n ní 1985, Bob Carver tó ń ṣe ampilifáyà wọ inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan, ó tún ampilifáyà onítìráńsísítọ̀ rẹ̀ ṣe títí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn Stereophile kò fi lè fi etí yà á sọ́tọ̀ kúrò lára onífáàfù olówó gọbọi tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní ti gbígba orin sílẹ̀, ẹ̀rí kan sún mọ́ wa ju Memphis lọ. Nígbà tí EMI gbé míkísà onítìráńsísítọ̀ wọ sitúdíò Abbey Road, orí rẹ̀ ni àwọn Beatles ti gba àwo Abbey Road sílẹ̀ ní 1969. Geoff Emerick, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lo míkísà onífáàfù wọn, ṣàròyé nípa rẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ohùn tuntun náà rọ̀ jù, kò gbánilójú bíi ti fáàfù! Òdìkejì gbáà ni èyí sí ohun tí wọ́n ń sọ ní Kétu. Emerick yìí kan náà ló bá Paul McCartney wá sí Èkó ní 1973 láti gba Band on the Run sílẹ̀ ní sitúdíò EMI ní Wharf Road, Àpápá.

Ohun tí àgbà oníjìtá ń rántí kì í sì í ṣe ampilifáyà nìkan. Àwo ló gbọ́, láti orí téèpù, láti ara ìda, nínú rédíògíráàmù pálọ̀ tí sípíkà rẹ̀ kò lè gbé ìró tó ga jù tàbí èyí tó jinlẹ̀ jù. Gbogbo wọn ló dín ohùn kù, tí wọ́n sì yí i. Fáàfù nìkan ló ń tàn nínú wọn, bóyá ìdí nìyẹn tó fi gba gbogbo ọpẹ́. Fàtáì Rolling Dollar, ọ̀gá tí Obey ti bá ṣiṣẹ́ rí, padà sójú agbo lẹ́yìn ọdún 2000, nígbà tí sitúdíò ti di ti kọ̀ǹpútà. Àwọn tó gbọ́ ọ ní jìtá ayé àtijọ́ ló dé. Kò gbé ẹ̀rọ 1950 dání. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbé wá.

Fáàfù tuntun tó ń wọ ọjà báyìí, Slovakia, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ampilifáyà tó ń lò ó wúwo, gíláàsì rẹ̀ kò fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e gba gbogbo kòtò Ìkòsì kọjá. Iná inú rẹ̀ lè ju 300 fóltì lọ, ó sì lè fara pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọ́ lára iná. Jẹnẹrétọ̀ tó ń lọ sókè sódò kò sì jẹ́ kí ooru fáàfù dúró lójú kan. Ẹni tó ń ta irú ti BLO lè fara da gbogbo èyí, ó ní ìdí. Ní ti oníjìtá jùjú tó ń ṣeré lóde àríyá ní Kétu, kó ra okùn tuntun àti píkọ́ọ̀pù tó dára, kó sì fi owó tó bá kù bẹ onígángan tó mọ ìgbà tó yẹ kó rọ ìlù rẹ̀ sílẹ̀.